Kíka Kùránì lálaalẹ́: bí ẹ ṣe lè bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má sì dá a dúró

Lẹ́yìn àsàlátù ọjọ́ Àìkú, bí a bá ti ń ká ẹní, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí. Ọ̀kan á ní, “Ààfáà, súrà wo ni kí n máa kà lálẹ́ tí ọ̀nà mi á fi là?” Òmíràn á ní òun ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, òun sì ti dá a dúró lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tó ń ta obì ní Sábo Ṣàgámù ti bi mí, ẹni tó ń ti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Èkó láràárọ̀ ti bi mí, ìyá tí ọmọ ọwọ́ kò jẹ́ kó sùn náà ti bi mí. Mo ti fi ẹnu dáhùn títí. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, kí ẹ lè máa fi ránṣẹ́ síra yín.

Kí n tètè sọ ibi tí mo dúró sí: ìṣòro ọ̀pọ̀ nínú wa kì í ṣe súrà. Ẹrù tí a dì ló wúwo ju orí lọ. Ẹni tó bá dì í kó kéré, tó sì ń rù ú lójoojúmọ́, òun ló máa ń débi tó ń lọ.

## Kí ló wà níbẹ̀ fún wa?

Ìfọ̀kànbalẹ̀ ló ṣáájú. Usayd bin Hudayr, ọ̀kan nínú àwọn sàábé, ìyẹn ọmọlẹ́yìn, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a), ń ka Kùránì lóru ọjọ́ kan níbi tó ń sá dàbínù sí. Ẹṣin rẹ̀ wà ní ìso nítòsí. Bó bá ti ń kà, ẹṣin á ta gìrì. Bó bá dákẹ́, ẹṣin á dákẹ́. Yahya ọmọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin náà, ẹ̀rù bà á kí ẹṣin má lọ tẹ ọmọ, ló bá dá kíkà dúró. Ó gbójú sókè, ó rí ohun kan lókè bí ìkùukùu, àwọn nǹkan bíi fìtílà wà nínú rẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, ó ròyìn fún Ànábì. Ànábì ní màláíkà ni wọ́n, ohùn rẹ̀ ni wọ́n wá gbọ́. Ìtàn yìí wà nínú Bukhari àti Muslim, àwọn ìwé hádísì, ìyẹn ọ̀rọ̀ àti ìṣe Ànábì. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé kò sí mọ́sálásí ńlá nínú rẹ̀, kò sí èrò. Bàbá kan, ọmọ rẹ̀, ẹṣin rẹ̀, àti dàbínù tí wọ́n sá sílẹ̀.

Ààbò tẹ̀ lé e. Abu Hurayrah, sàábé mìíràn, ń ṣọ́ sàká Rámádánì, olè kan ń wá bù nínú oúnjẹ náà. Lẹ́ẹ̀kẹta tí ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, olè ní kó fi òun sílẹ̀, òun á kọ́ ọ lọ́rọ̀ kan tí yóò ṣe é láǹfààní: bó bá fẹ́ sùn, kó ka Áyátù Kúrísíyù (ẹsẹ 255 nínú súrà Bàkárà), olùṣọ́ láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run kò ní kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, Ṣàítánì kò sì ní súnmọ́ ọn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ànábì sọ fún un pé òótọ́ ni olè yẹn sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ òpùrọ́. Ṣàítánì gan-an ni.

Àwọn yòókù nìyí ní ṣókí:

- Ẹni tó bá ka ẹsẹ méjì tó gbẹ̀yìn súrà Bàkárà (ẹsẹ 285 àti 286) lóru, wọ́n ti tó o. Bukhari àti Muslim gbà á wá.
- Súrà kan wà tí ẹsẹ rẹ̀ jẹ́ 30, tó bá ọkùnrin kan bẹ̀bẹ̀ títí Ọlọ́run fi forí jì í: Tábáráka, ìyẹn súrà Múlúkì. Abu Dawud àti Tirmidhi ló gbà á wá.
- Ẹni tó bá fi ẹsẹ 10 dìde kírun lóru, a kò ní kọ ọ́ mọ́ àwọn aláìbìkítà. Abu Dawud ló gbà á wá.
- Lẹ́tà kan ṣoṣo nínú Kùránì, láádá rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 10.
- Ẹni tí ahọ́n rẹ̀ ń kọsẹ̀ nínú rẹ̀, tó sì ń nira fún un, láádá méjì ni tirẹ̀.

Ẹ tún èyí tó kẹ́yìn yẹn kà. Àwọn tí ojú ń tì nítorí pé wọ́n ń kà á tìkọ̀tìkọ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ jáwọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ni wọ́n fi méjì ṣe tiwọn.

Ti èmi fúnra mi: alẹ́ tí mo bá kà, ọ̀rọ̀ tí mo bá ènìyàn fà lọ́sàn-án kì í bá mi dé orí ibùsùn. Alẹ́ tí n kò bá kà, èmi àti onítọ̀hún la jọ ń sùn.

Ẹ gbọ́ ìkìlọ̀ kan kí a tó kọjá. Wọ́n máa ń sọ fún yín pé ẹni tó bá ń ka súrà Wáákíà lálaalẹ́ kò ní tòṣì láéláé. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ hádísì ló ka hádísì yẹn sí aláìlágbára. Ẹ ka Wáákíà, súrà tó dùn ún kà ni, ṣùgbọ́n ẹ má jókòó tì í bí ẹni tó ń retí àjọ. Nígbà tí owó kò bá dé lóṣù kejì, ẹ ó pa Kùránì dé pẹ̀lú ìbínú. Mo ti rí i.

## Ẹ kó àwọn wọ̀nyí jọ kí alẹ́ tó lẹ́

- Mus-haf (ìwé Kùránì) tí lẹ́tà rẹ̀ tóbi tó ojú yín. Bí ojú bá ti ń ṣe bàìbàì, ẹ má fi owó pamọ́ níbí.
- Tọ́ọ̀ṣì tàbí àtùpà tí ẹ ti cháàjì sílẹ̀. Wọ́n á mú iná lọ, ọ̀rọ̀ pé “bóyá wọn ò ní mú un lálẹ́ òní” kò sí níbẹ̀.
- Omi nínú bùùtà, nítòsí.
- Ẹní mímọ́ ní igun kan tí ẹsẹ̀ kì í gbà kọjá.
- Òwú tàbí bébà tí ẹ ó fi sí ojú ibi tí ẹ bá dé.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí mus-haf. Bí ó bá jẹ́ lórí wáláà, lọ́dọ̀ àwọn àgbà, ni ẹ ti kọ́ kéú, ó lè jẹ́ Warsh, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tí a ń gbà ka Kùránì, ni ẹ mọ̀. Mus-haf tó wọ́pọ̀ lọ́jà báyìí, tí ó ní ojú ìwé 604, tí wọ́n tẹ̀ ní Mèdínà, kíkà Hafs ni. Nínú Fátíhà pàápàá wọ́n yàtọ̀: Hafs á fa “Máálíkì yáómídíìnì”, Warsh kì í fa “Malíkì” rẹ̀. Méjèèjì ló tọ̀nà. Ohun tí kò dára ni kí ẹ fi ojú ka ọ̀kan, kí ẹnu máa ka èkejì, kí ẹ wá rò pé ìwé ló ṣì í tẹ̀. Ẹ bi ààfáà yín èwo ni ẹ kọ́, kí ẹ sì ra irú rẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan

1. Ẹ so ó mọ́ nǹkan tí ẹ kì í gbàgbé.

Ìrun Ìṣáì ni mo máa ń fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ti sálámà, ẹ má dìde lórí ẹní. Ẹ nawọ́ mú mus-haf. Àlùwàlá ṣì wà lára, ojú ṣì kọ Kíbúlà, kí lẹ tún ń wá? Ẹni tó bá ní òun á kọ́kọ́ jẹun ló máa ń pàdánù rẹ̀. Ẹ jẹ ìkọ́kọrẹ́ yó, kí ẹ fẹ̀yìn ti àga, kí ẹ sì tún dìde lọ ka Kùránì? Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa.

Àwọn kan á ní ìdámẹ́ta tó gbẹ̀yìn òru ni àwọn fẹ́, nítorí hádísì Bukhari àti Muslim pé ìgbà náà ni Olúwa wa ń béèrè pé ta ló ń pè mí kí n dá a lóhùn. Òótọ́ ni, kò sí àsìkò tó dà bí i. Bí ẹ ó ṣe ṣírò rẹ̀ nìyí: ẹ ka wákàtí láti Màgàríbà dé Àsùbáà, ẹ pín in sí mẹ́ta. Bí Màgàríbà bá jẹ́ agogo 6:50 ìrọ̀lẹ́, tí Àsùbáà jẹ́ 5:20, wákàtí 10 àti ààbọ̀ nìyẹn. Ìdá kan jẹ́ wákàtí 3 àti ààbọ̀. Ìdámẹ́ta tó gbẹ̀yìn á bẹ̀rẹ̀ ní agogo 1:50 òru. Ẹ kò ní láti jí ní 1:50 o. Agogo 4:45 ṣì wà nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ fi ogójì alẹ́ ka ti lẹ́yìn Ìṣáì ná. Ànábì fúnra rẹ̀ sọ pé ẹni tó bá ń bẹ̀rù pé òun kò ní jí ní ìparí òru, kó tètè ki wítírì rẹ̀, ìrun tí a fi ń parí ìrun òru, ní ìbẹ̀rẹ̀ òru. Bí a bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún wítírì, a lè ṣe é fún kíkà.

2. Ẹ mú ìwọ̀n tí ẹ lè kà ní ọjọ́ tó bá rẹ̀ yín jù.

Ẹ má fi ọjọ́ tí ara dá ṣe òṣùwọ̀n. Ọjọ́ tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá yín dúró ní òpópónà Ìkòròdú títí di agogo 10 alẹ́ ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n: kí ni ẹ lè kà lálẹ́ ọjọ́ náà? Ìwọ̀n yín nìyẹn.

Ohun tí mo ń sọ, ó ti ṣẹ̀ sí mi. Lọ́dún kan tí Rámádánì parí, orí mi wú, mo ní júsù kan, ìyẹn ìdá kan nínú ọgbọ̀n Kùránì, ni n óò máa kà lálaalẹ́. Alẹ́ mẹ́jọ ni mo rìn. Lálẹ́ kẹsàn-án, orí mi sùn lé orí ìwé. Nígbà tí mo fi máa jí, oòrùn ti yọ, Àsùbáà ti lọ, ìlà etí mus-haf sì ti fín ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi bí ilà. Ìyàwó mi wò mí, kò sọ nǹkan kan, ó kàn gbé dígí lé mi lọ́wọ́. Fún oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, n kò ka nǹkan kan. Ìlàjì ojú ìwé ni mo fi padà, òun ni mo sì fi dúró.

Ẹ mú ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí:

- Ìlàjì ojú ìwé: fún ẹni tó ń kọsẹ̀. Ó lè gbà yín ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò burú.
- Tábáráka nìkan: ẹsẹ 30, ojú ìwé méjì àti ààbọ̀. Bí ẹ bá ti há a, ẹ kò nílò iná.
- Ojú ìwé kan: ẹ ó parí Kùránì ní alẹ́ 604, bí oṣù 20.
- Ojú ìwé méjì: alẹ́ 302, bí oṣù 10.
- Ojú ìwé márùn-ún: alẹ́ 121, bí oṣù mẹ́rin.
- Júsù kan: ọgbọ̀n alẹ́. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ níbí.

Fún ẹni tó ń fi ìrun òru kà á, hádísì Abu Dawud tí mo mẹ́nu bà lókè ka ìpele mẹ́ta: ẹsẹ 10, ẹsẹ 100, ẹsẹ 1,000. Ráká méjì pẹ̀lú Fátíhà nìkan ti kọjá 10, nítorí ẹsẹ 7 ni Fátíhà. Wáákíà jẹ́ 96, Kúlúhùwá jẹ́ 4. Ẹ sọ wọ́n pọ̀, 100 gééré. Láti Tábáráka títí dé Náásì jẹ́ 995, ìyẹn júsù méjì tó gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá há júsù méjì yẹn sórí, ìsúra ló ní.

3. Àlùwàlá.

Àwọn onímọ̀ tó pọ̀ jù, tó fi mọ́ àwọn ti Màlíkì, ọ̀nà ìmọ̀ òfin ẹ̀sìn tí àwa níbí ń tẹ̀ lé, gbà pé a kì í fọwọ́ kan mus-haf láìní àlùwàlá. Ẹni tí jánábà, àìmọ́ tó ń béèrè ìwẹ̀, wà lára rẹ̀ á kọ́kọ́ wẹ̀. Ti orí fóònù rọrùn díẹ̀: ọ̀pọ̀ onímọ̀ òde òní kò kà á sí mus-haf gan-an, a lè dì í mú láìní àlùwàlá. Bí ẹ bá ní i, ó dára jù.

4. Ẹ gbé fóònù jìnnà.

Bí orí rẹ̀ ni ẹ ti ń kà, ẹ pa íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ẹsẹ kẹta ni WhatsApp sábà máa ń dún.

5. Ẹ wá ààbò lọ́dọ̀ Ọlọ́run, kí ẹ tó ṣe bísímílà.

Áúsù ló ṣáájú, Kùránì fúnra rẹ̀ ló pàṣẹ rẹ̀ nínú súrà Náhílì ẹsẹ 98. Bísímílà tẹ̀ lé e bí ó bá jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ súrà, àfi súrà kẹsàn-án, Táúbà, tí kò ní bísímílà níbẹ̀rẹ̀.

6. Ẹ kà á jẹ́jẹ́, kí etí yín gbọ́ ọ.

Súrà Músámílù ni ó sọ pé ká kà á ní ìkàyé. Kíkà tí ètè kò mì, tí ojú kàn ń sáré lórí ìwé, wíwò ni, kì í ṣe kíkà.

Ibí ni mo ti máa ń dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi dúró jù. Ahọ́n Yorùbá kò ní “ƙáfù” inú ọ̀fun, ìyẹn ق. A máa ń fi “káfù” lásán, ك, rọ́pò rẹ̀. Súrà tí a ń pè ní Kúlúhùwá, “qul” ni ó fi bẹ̀rẹ̀, ìtúmọ̀ rẹ̀ ni “sọ pé”. Bí ẹ bá sọ ọ́ di “kul”, ohun tí ẹ sọ ni “jẹ”, bí ẹni tó ń jẹun. Bẹ́ẹ̀ náà ni “qalb” jẹ́ ọkàn, “kalb” sì jẹ́ ajá. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ báyìí: ẹ ya ẹnu díẹ̀, ẹ fi ìdí ahọ́n gan-an kan òkè ọ̀fun lẹ́yìn, bí ẹni pé ẹ̀kán omi kan ń já bọ́ sínú kòtò. Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí ẹ tó ka Kúlúhùwá lálẹ́ òní. Ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n pè tó sì ń kọ́ ọ, òun ni ẹni láádá méjì yẹn. Ẹni tí wọ́n ti tọ́ sọ́nà tó ní “bí bàbá wa ṣe ń pè é nìyẹn”, n kò mọ ibi tí mo lè fi í sí.

7. Ẹ mú ẹsẹ kan nínú rẹ̀, kí ẹ ka ìtúmọ̀ rẹ̀.

Ọ̀kan péré. Kùránì tí a túmọ̀ sí èdè Yorùbá wà, bó ti wà ní ìwé ló wà lórí fóònù. Ẹ wo ẹsẹ kejì nínú Tábáráka: Òun ló dá ikú àti ìyè, kó lè dán yín wò pé ta ni iṣẹ́ rẹ̀ dára jù nínú yín. Ikú ló kọ́kọ́ dárúkọ. Ẹ gbé ìyẹn lọ sórí ibùsùn.

8. Bí ẹ bá kan ibi ìforíkanlẹ̀, ẹ forí kanlẹ̀.

Wọ́n máa ń fi àmì sí ẹ̀gbẹ́ ìwé níbẹ̀. Tábáráka kò ní. Súrà Sájídà ní, ní ẹsẹ 15. Àwọn Màlíkì ka ibi ìforíkanlẹ̀ sí 11, àwọn mìíràn kà á sí 14 tàbí 15, nítorí náà bí ẹ bá rí àmì ní ìparí súrà Álákì tí ààfáà yín kò sì forí kanlẹ̀, kò gbàgbé.

9. Ẹ pa á dé, ẹ ka ti ibùsùn.

Ẹ fi òwú sí i, ẹ gbé mus-haf sí ibi gíga. Nígbà tí ẹ bá dé orí ibùsùn: Áyátù Kúrísíyù lẹ́ẹ̀kan, ẹsẹ méjì ìparí Bàkárà lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ẹ pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, ẹ ka Kúlúhùwá, Fálákì àti Náásì, ẹ fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i, ẹ fi ra orí, ojú, àti ibi tí ọwọ́ bá lè dé lára. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Aisha, ìyàwó Ànábì, ló ròyìn pé bẹ́ẹ̀ ni Ànábì ń ṣe lálaalẹ́. Ẹ fi ra àwọn ọmọ yín náà lára bí wọ́n bá ti sùn.

## Àṣìṣe tí mo ń rí jù

Ariwo. Ẹ̀bi mi ni mo fẹ́ sọ níbí. Ní alẹ́ kan mo gbé ẹ̀rọ agbóhùnjáde kékeré kan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ti fóònù mọ́ ọn, mo ní kí gbogbo ilé gbọ́ Bàkárà. Ó lé díẹ̀ ní agogo 11. Mo gbọ́ kò-kò-kò lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá ìbejì ilé kejì ni, ìró ń bọ́ lára rẹ̀, ọ̀kan nínú ìbejì ń ké léjìká rẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Sọ̀díìkì, ẹ má bínú, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni.” Kírísítẹ́nì ni ìyá yìí, ó sì ń bá wa ṣe Iléyá lọ́dọọdún. Mo pa á kíá, ojú tì mí títí ilẹ̀ fi mọ́.

Nínú Abu Dawud, Ànábì gba ẹ̀gbẹ́ Abu Bakr, sàábé rẹ̀, kọjá lóru, Abu Bakr ń ka Kùránì jẹ́jẹ́ pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ Umar, sàábé mìíràn, kọjá, Umar ń fi igbe kà á. Abu Bakr ní Ẹni tí òun ń bá sọ̀rọ̀ ti gbọ́. Umar ní òun ń jí àwọn tó ń tòògbé ni, òun sì ń lé Ṣàítánì. Ànábì ní kí Abu Bakr gbé tirẹ̀ sókè díẹ̀, kí Umar rẹ tirẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Kí àwọn tó gbé lóńdísípíkà sójú fèrèsé mọ́sálásí ní agogo 2 òru láìjẹ́ Rámádánì wo ibi tí wọ́n wà nínú ìtàn yìí.

Kíkà láti fi gbógun. Yásínì ìgbà 41 nítorí aládùúgbò tó gba ilẹ̀. Ẹni tó ń fi òru gbẹ́ kòtò fún ẹlòmíràn, ìgbà wo ló fẹ́ rí ìfọ̀kànbalẹ̀ tó ń wá? Ẹ gbé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ lọ bá àwọn àgbà, ẹ fi Yásínì sílẹ̀ fún Ọlọ́run.

Kí mus-haf di tírà. Abẹ́ ìrọ̀rí kọ́ ni ibùgbé rẹ̀. Ìwé tí a kò ṣí, tí a kàn sùn lé, kò yàtọ̀ sí pákó.

Fífi oorun kà á. Ẹ dúró bí ẹ bá rí i pé ìlà kan náà ni ẹ ti kà lẹ́ẹ̀mẹta. Hádísì Muslim sọ ọ́ gbangba: bí Kùránì bá ti ń lọ́ mọ́ ẹnì kan lẹ́nu lóru tí kò mọ ohun tó ń sọ mọ́, kó lọ dùbúlẹ̀.

Lẹ́tà ABD. Kùránì tí wọ́n fi lẹ́tà gẹ̀ẹ́sì kọ kò lè ya “qul” kúrò lára “kul” fún yín bí ẹnikẹ́ni kò bá kọ́ yín. Ẹ fi ṣe ọ̀pá ìtilẹ̀ fún oṣù díẹ̀, kì í ṣe fún ọdún mẹ́wàá.

Sísọ ọ́ di ìdíje. “Ibo lẹ dé?” tí wọ́n ń bi ara wọn lórí WhatsApp láràárọ̀. N kò fẹ́ràn rẹ̀. Abdullah bin Amr, sàábé kan, bẹ Ànábì títí ó fi gbà fún un pé kó máa parí Kùránì ní alẹ́ méje. Nígbà tó darúgbó, ó ń ka ìdá méje náà fún àwọn ará ilé rẹ̀ lọ́sàn-án kó lè rọrùn lóru, ó sì ń sọ pé ì bá dára ká ní òun gba ìrọ̀rùn tí Ànábì kọ́kọ́ fún òun.

## Bí ti yín bá yàtọ̀

Ẹ kò mọ kéú rárá. Ẹ ka èyí tí ẹ mọ̀ lórí. Fátíhà àti àwọn súrà mẹ́ta ìparí ti tó fún alẹ́ òní. Ẹ tún máa gbọ́ ìwọ̀n kékeré kan lẹ́nu ẹni tó mọ̀ ọ́n kà, kí ìka yín máa tẹ̀ lé e lórí ìwé. Gbígbọ́ náà ní láádá, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó gba ipò kíkà. Kí ẹ sì wá ilé kéú àgbàlagbà. Wọ́n wà lẹ́yìn Màgàríbà káàkiri, láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Ṣàgámù. Kò sí ẹni tí yóò fi yín rẹ́rìn-ín pé ẹ ń ka alífù-báù ní ọdún 50. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, ẹ bá wọn rẹ́rìn-ín, kí ẹ máa ka táù lọ.

Ìyá ọlọ́mọ ọwọ́. Ẹ fi ìgbà tí ọmọ ń mu ọmú ṣe é, láti orí, láìfọwọ́ kan ìwé. Tábáráka á parí kí ọmú kejì tó parí.

Obìnrin tó ń rí nǹkan oṣù. Àwọn Màlíkì gbà fún un láti máa ka èyí tó há sórí. Àwọn mìíràn kò gbà. Ẹ dúró lórí ohun tí olùkọ́ yín kọ́ yín, kí ẹ má sì jẹ́ kí ahọ́n ṣófo: àdúà àti síkírì kò léèwọ̀.

Ọdẹ àti oníṣẹ́ òru. Etí kan fún ẹnu ọ̀nà, etí kan fún Kùránì. Ẹ kà á láti orí, kí ẹ má tẹjú mọ́ ìwé níbi iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún yín láti ṣọ́.

Alẹ́ òde àríyá. Ìjẹ̀bú ni wá. Lálẹ́ ọjọ́ Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá, ẹ ó ti bá ẹgbẹ́ yín tò, ẹsẹ̀ á ti wú nínú bàtà, gèlè á ti fún orí. Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ ka ojú ìwé márùn-ún. Ẹ ki Ìṣáì, ẹ ka Kúrísíyù àti ẹsẹ méjì ìparí Bàkárà, ẹ lọ sùn. Ẹ kò já a.

## Bí ẹ bá sùn gbàgbé

Ẹ má dúró de alẹ́ kejì, ẹ má sì ka ìlọ́po méjì láti fi san gbèsè. Umar ló gba hádísì wá, ó wà nínú Muslim: ẹni tí oorun bá gbé lọ lórí ìwọ̀n tó máa ń kà lóru, tó bá kà á láàárín Àsùbáà sí Àyílà (ìrun ọ̀sán), a ó kọ ọ́ fún un bí ẹni pé òru ló ti kà á.

Awakọ̀ kan tí mo mọ̀ ní Ṣàgámù fi hádísì yìí gbé ìgbésí ayé. Mus-haf kékeré kan wà nínú àpótí ọkọ̀ rẹ̀, ó fi aṣọ funfun wé e. Bí oorun bá ti gbà á lálẹ́, á wá sí gáréèjì láàárọ̀ pẹ̀lú àlùwàlá, á gba nọ́ńbà, á jókòó sórí ìjókòó rẹ̀, ilẹ̀kùn á wà ní ṣíṣí, bó ti ń dúró de èrò. Ọmọ rẹ̀ á máa pe Èkó, òun á máa ka ojú ìwé kan rẹ̀. Bí èrò bá pé kó tó parí, á fi òwú sí i, á dá a padà sínú aṣọ rẹ̀, á ṣí ọkọ̀. Ìyókù di ìdíkọ̀ Èkó, ṣùgbọ́n kó tó di Àyílà.